James Naismith, Olùkọ́ Tí Ó Fi Ààlà Kọ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Ní Eré

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ wa lónìí, a ó rí òpó méjì tí ó dojú kọ ara wọn, tí a so irin róbótó mọ́ lókè, tí àwọ̀n sì ń fì lábẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù agbọ̀n ni wọ́n ń gbá níbẹ̀, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Eré púpọ̀ ni ó wà láyé tí a kò mọ ẹni tí ó dá wọn sílẹ̀; ṣùgbọ́n ní ti eré yìí, a mọ ọkùnrin náà, a mọ ìlú náà, a sì mọ oṣù àti ọdún tí ó ṣe é. James Naismith ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. A fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jù lọ fún ẹ̀yin olùkọ́, kì í ṣe nítorí eré náà nìkan, bí kò ṣe nítorí ọ̀nà tí ó gbà kọ́ni. Níbi tí àwọn mìíràn ti ń pariwo àṣẹ lé ọmọ lórí, Naismith pààlà sí eré, ó sì jẹ́ kí eré fúnra rẹ̀ kọ́ ọmọ.

A bí i ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1861, ní ìgbèríko kan nítòsí ìlú Almonte, ní ẹkùn Ontario ti ilẹ̀ Kánádà. Ilẹ̀ Scotland ni àwọn òbí rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1870, nígbà tí ọmọ náà tó nǹkan bí ọmọ ọdún 9, àìsàn táífọ́ọ̀dù pa baba àti ìyá rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ síra wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ni ó dàgbà sí, lábẹ́ àbójútó Peter Young, arákùnrin ìyá rẹ̀, ẹni tí kò gba gbẹ̀rẹ́. Ọmọ òrukàn náà tètè mọ iṣẹ́ oko, ó sì tètè mọ̀ pé bí ọwọ́ kò bá ṣiṣẹ́, ẹnu kò ní jẹun.

Lágbègbè ilé ẹ̀kọ́ kékeré tí ó lọ, àwọn ọmọdé a máa ṣe eré kan. Wọn a gbé òkúta kan lé orí àpáta ńlá, ọmọ kan a dúró ṣọ́ ọ, àwọn yòókù a sì máa sọ òkúta ọwọ́ wọn lù ú kí ó lè já bọ́. Ẹni tí ó bá fi gbogbo agbára sọ tirẹ̀, tí kò sì bà á, òkúta rẹ̀ a yí lọ jìnnà réré, kí ó sì tó lọ mú un bọ̀, ẹ̀ṣọ́ a ti lé e bá. Nítorí náà ni àwọn tí ó gbọ́n ṣe ń ju tiwọn sókè wẹ́rẹ́, kí ó lè rọra sọ̀ kalẹ̀ síbi tí wọ́n fojú sùn. Kò sí olùkọ́ tí ó pè wọ́n jókòó láti kọ́ wọn ní èyí. Ibi tí a gbé òkúta sí, àti ìyà tí ó wà nídìí ìjùkujù, ni ó kọ́ wọn. Eré ọmọdé yìí kò kúrò lọ́kàn Naismith títí ó fi di àgbà.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún bíi 15, ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó lọ ń gé igi nínú igbó. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ó padà sídìí ìwé pẹ̀lú ìpinnu, ó sì wọ Yunifásítì McGill ní ìlú Montreal ní ọdún 1883. Iṣẹ́ àlùfáà ìjọ Presbyterian ni ó fẹ́ ṣe, ó sì parí ẹ̀kọ́ náà ní ọdún 1890. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni yìí kì í fi eré ìdárayá ṣeré rárá: ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń ṣe lacrosse, ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ McGill ní eré ìdárayá. Láyé ìgbà náà, àwọn onígbàgbọ́ púpọ̀ ka irú eré bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ èṣù, inú àwọn tí ó sún mọ́ ọn kò sì dùn sí i. Naismith kò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò tirẹ̀ ni pé ènìyàn lè tọ́ ọmọ sí ọ̀nà rere lórí pápá gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é lórí àga ìwàásù. Lọ́dún 1890 náà ni ó kọjá sí ìlú Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, sí ilé ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ Y.M.C.A., tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin onígbàgbọ́, ti ń kọ́ àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ fún un káàkiri.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti pàdé rẹ̀. Ní ìgbà òtútù ọdún 1891, yìnyín bo pápá, kò sì sí ẹni tí ó lè ṣeré níta. Inú gbọ̀ngàn ni wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sí, níbi tí wọ́n ti ń yan bí ọmọ ogun, tí wọ́n ń na apá, tí wọ́n ń ká ẹsẹ̀, bákan náà lójoojúmọ́. Kíláàsì kan wà nínú wọn, àwọn géńdé 18, tí ọ̀ràn náà ti sú pátápátá. Olùkọ́ méjì ti gbìyànjú lórí wọn, apá wọn kò ká a. Luther Gulick, ọ̀gá ẹ̀ka náà, wá gbé wọn lé Naismith lọ́wọ́, ó sì fún un ní ọjọ́ 14 láti wá eré tuntun tí wọ́n lè ṣe nínú ilé, tí yóò mú wọn lára, tí kò sì ní fọ́ wọn léegun.

Ọjọ́ púpọ̀ nínú 14 náà ni ó kọ́kọ́ bá òfo lọ. Ó gbé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ wọlé, kò rọgbọ nínú gbọ̀ngàn. Ó gbé bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà wọlé, ó ní kí wọ́n rọra máa ṣe é, ṣùgbọ́n ara wọn kò gba rọra. Ó gbé lacrosse wọlé, ọ̀pá ń ba orí, ọ̀pá ń ba ọwọ́. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń ṣe ni ó wà níbẹ̀: a gbé iṣẹ́ tí kò bá ibẹ̀ mu kalẹ̀, a wá ń bẹ ọmọ pé kí ó fi ìwà pẹ̀lẹ́ ṣe é. Ìgbà tí Naismith rí i pé ẹ̀bẹ̀ kò ràn án ni ó jókòó, tí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó ń fa ìjà àti ìpalára nínú eré wọ̀nyẹn.

Ó rí i pé nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń gbé e sáré, nítorí náà ni alátakò ṣe gbọ́dọ̀ rọ́ lù ú kí ó tó lè dá a dúró. Bí kò bá sí ààyè láti gbé bọ́ọ̀lù sáré, kò ní sí ìdí láti gbé ẹnikẹ́ni ṣánlẹ̀. Ó fi èyí ṣe òfin: ibi tí ènìyàn bá ti mú bọ́ọ̀lù ni kí ó ti jù ú. Lẹ́yìn èyí ni ó ro ti ojú ilé. Bí ojú ilé bá wà nílẹ̀, ẹni tí ó bá ní agbára jù ni yóò máa wọ bọ́ọ̀lù wọlé bí ọta ìbọn. Ó wá rántí òkúta orí àpáta nígbà èwe rẹ̀. Ó gbé ojú ilé lọ sókè ju orí ènìyàn lọ, ó sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí òfuurufú, kí ó má ṣe sí ẹni tí yóò lè fi ipá wọlé. Ẹni tí yóò bá jẹ ayò, àfi kí ó jù ú wẹ́rẹ́. Gbogbo òfin tí ó kọ sílẹ̀ jẹ́ 13.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bẹ ẹni tí ń tọ́jú ilé náà pé kí ó bá òun wá àpótí méjì. Kò sí àpótí. Agbọ̀n méjì tí wọ́n fi ń kó èso peach ni ó wà nílẹ̀. Naismith kò kọ̀ ọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a sì se ọbẹ̀ nínú èpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Ó kan agbọ̀n náà mọ́ etí bákónì tí ó yí gbọ̀ngàn ká. Bákónì náà ṣèèṣì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10, ìwọ̀n náà ni a sì ń lò káàkiri àgbáyé títí di òní. Nítorí pé géńdé 18 ni ó wà ní kíláàsì, ó pín wọn sí 9 lọ́nà méjì, ó sì ju bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ sáàárín wọn. Ayò kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá ọdún 1891 yẹn. William Chase ni ó jù ú wọlé láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 25. Àkàbà ni wọ́n ń gùn láti yọ bọ́ọ̀lù kúrò nínú agbọ̀n, nítorí pé ìdí agbọ̀n ṣì wà níbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn tí ẹ̀kọ́ ti sú tẹ́lẹ̀ kò fẹ́ lọ sílé mọ́. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ olùkọ́ wọn pe eré náà, Naismith kò gbà. Orúkọ agbọ̀n ni ó jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tí ó ṣe yìí, nítorí pé àwọn ọ̀mọ̀wé nípa eré ìdárayá ti wá fún un ní àlàyé. Ní ọdún 1986, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Karl Newell kọ̀wé pé ààlà mẹ́ta ni ó ń pàṣẹ bí ara ènìyàn yóò ṣe rìn: èkíní ni ara ẹni fúnra rẹ̀, bí ó ti ga tó àti bí ó ti lágbára tó, èkejì ni ibi tí a wà, ilẹ̀, ojú ọjọ́ àti àyè, ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ tí a gbé fún un, òfin rẹ̀ àti ohun èlò rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó gbọ́n kò ní máa ka ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọmọ. Yóò yí ọ̀kan nínú ààlà wọ̀nyí padà, yóò sì jẹ́ kí ọmọ fi ara rẹ̀ wá ọ̀nà. Naismith kò gbé títí di ìgbà tí wọ́n fún un lórúkọ, ṣùgbọ́n ó ti ṣe é ní nǹkan bí ọdún 95 ṣáájú. Yìnyín àti ògiri gbọ̀ngàn jẹ́ ààlà ibi tí ó wà. Agbára àwọn géńdé jẹ́ ààlà ara. Kò lè yí méjèèjì padà, nítorí náà ó yí iṣẹ́ padà.

Òfin tí ó ṣe sì ń bí ọgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ kò rò. Ó ní kí ènìyàn má gbé bọ́ọ̀lù sáré. Nígbà tí àwọn alátakò bá há ẹnì kan mọ́, onítọ̀hún a fi bọ́ọ̀lù lu ilẹ̀, a sì sáré tẹ̀ lé e lọ mú un. Báyìí ni fífi bọ́ọ̀lù lu ilẹ̀ sáré ṣe bẹ̀rẹ̀, èyí tí í ṣe ẹwà eré náà lónìí. Àwọn òǹwòran orí bákónì ń na ọwọ́ dí agbọ̀n. Wọ́n gbé pátákó dí wọn lọ́nà, kò sì pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ fi mọ bí a ti ń fi bọ́ọ̀lù lu pátákó kí ó lè wọlé. Nígbà tí ó fi di ọdún 1897, iye òṣèré ti di 5 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, àyè sì gbà wọ́n láti sáré.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ààlà ni ó ń kọ́ni. Ní ọdún 1892, Senda Berenson, olùkọ́bìnrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Smith, tí kò jìnnà sí Springfield, gbé eré náà fún àwọn ọmọbìnrin. Ó fi ìlà pín ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò ní apá tirẹ̀. Òfin yìí kọ́ wọn láti máa ju bọ́ọ̀lù fún ara wọn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè dá a gbé dé ìdí agbọ̀n. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù àwọn ènìyàn ìgbà náà wà nínú rẹ̀, pé ara obìnrin kò lè gba wàhálà. Ìran púpọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin Amẹ́ríkà ni ìlà náà dè mọ́lẹ̀ ṣáájú kí a tó pa á rẹ́.

Ní ọdún 1898, lẹ́yìn tí Naismith ti gba oyè ìṣègùn ní ìlú Denver, ó lọ sí Yunifásítì Kansas ní ìlú Lawrence, láti máa darí ìsìn àti láti máa kọ́ni ní eré ìdárayá. Òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù agbọ̀n wọn, títí di ọdún 1907. Ohun ìyanu ni pé ìdíje 55 ni ó borí, ó sì pàdánù 60. Nínú gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá tí Kansas ti ní, ẹni tí ó dá eré náà sílẹ̀ nìkan ni ìpàdánù rẹ̀ ju ìborí rẹ̀ lọ. Kò ká a lára. Ó gbà pé eré ni a fi ń kọ́ eré, kò sí ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní í ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, Forrest Allen, tí wọ́n ń pè ní Phog, kò gba ti ọ̀gá rẹ̀ gbọ́. Ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì borí ní ìgbà 590 fún Kansas. Lójú tiwa, ẹ̀kọ́ wà nínú àríyànjiyàn àwọn méjèèjì. Òfin rere lè kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ojú olùkọ́ wà lára ọmọ, kí ó lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí a sún ààlà síwájú àti ìgbà tí ó yẹ kí a wó o.

Ààlà kan wà ní Kansas nígbà náà tí ó yẹ kí a wó. Ní ọdún 1933, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, John McLendon, ọmọ ìlú Hiawatha, wọ yunifásítì náà láti kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Wọn kò jẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Naismith, tí ó ti di arúgbó, gbà á gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́, ó tọ́ ọ sọ́nà, McLendon sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1936. Odi náà kò wó nígbà ayé Naismith, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ti fo odi náà kọjá. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, ní ìlú Durham ní ìpínlẹ̀ North Carolina, níbi tí a kò ti gbà kí dúdú àti funfun jùmọ̀ ṣeré, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ dúdú tí McLendon ń kọ́ gbá bọ́ọ̀lù ní bòókẹ́lẹ́ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yunifásítì Duke. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni, nígbà tí ìlú wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Àwọn ọmọ dúdú borí pẹ̀lú ayò 88 sí 44. Láti ọdún 1957 sí 1959, ẹgbẹ́ McLendon ní Tennessee gba ife ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré orílẹ̀-èdè náà léraléra ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ààlà tí Naismith fi sí eré mú gbogbo ènìyàn gbọ́n, nítorí pé ó dọ́gba fún gbogbo wọn, ó sì ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ronú. Ààlà tí a fi sí àwọ̀ ènìyàn kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan; ó kàn jí ayò àwọn ẹlòmíràn gbé kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni. Àwa tí a jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí àwọn òyìnbó ti ṣe ìjọba lé lórí mọ irú ààlà kejì yìí dáadáa.

Ní ọdún 1936, wọ́n gba bọ́ọ̀lù agbọ̀n wọ inú ìdíje Òlíḿpíìkì ní ìlú Berlin. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá Amẹ́ríkà dá owó jọ kí bàbá arúgbó náà lè rí ọkọ̀ wọ̀ dé ibẹ̀. Ó fojú ara rẹ̀ rí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 20 tí wọ́n kópa, Íjíbítì láti ilẹ̀ Áfíríkà wa sì wà nínú wọn. Ìta gbangba ni wọ́n ti gbá àṣekágbá, lórí ilẹ̀ amọ̀ àti yanrìn, òjò sì rọ̀ títí ilẹ̀ fi di ẹrẹ̀. Bọ́ọ̀lù kò lè ta sókè mọ́, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè fi í lu ilẹ̀ sáré; jíjù fún ara ẹni nìkan ni ó kù, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Springfield ní ọdún 1891. Amẹ́ríkà borí Kánádà pẹ̀lú ayò 19 sí 8, ilẹ̀ tí Naismith di ọmọ onílẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1925 àti ilẹ̀ tí a bí i sí.

Ó kú ní ìlú Lawrence ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 1939, ní ẹni ọdún 78. Kò di olówó nídìí eré tí ó dá sílẹ̀. Ní ọdún 2010, ìwé tí ó kọ òfin 13 náà sí nìkan ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní mílíọ̀nù dọ́là tí ó lé ní 4. Ilé ìrántí tí a fi orúkọ rẹ̀ pè wà ní Springfield, àwọn akọni eré náà ni a sì ń kọ orúkọ wọn síbẹ̀. A kọ ti McLendon. Ní ọdún 2008 a kọ ti Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí a bí ní ìlú Èkó ní ọdún 1963, ẹni tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá kí ó tó mọ bọ́ọ̀lù agbọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fi ọgbọ́n àwọn eré ìṣáájú wọ̀nyẹn da àwọn òmìrán Amẹ́ríkà láàmú. Ní ọdún 2024 ní ìlú Paris, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí ó dé ìpele mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀lù agbọ̀n Òlíḿpíìkì. Wọn ìbá má dé ibẹ̀ bí ìlà tí ó pín ilẹ̀ sí mẹ́ta fún àwọn obìnrin bá ṣì wà.

Ẹ̀yin olùkọ́, a kò sọ pé kí ẹ dá eré tuntun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá ń ṣùrù bo bọ́ọ̀lù bí oyin, ẹ pín wọn sí mẹ́ta-mẹ́ta lórí ilẹ̀ kékeré, ẹ ó rí i pé wọ́n á tú ká. Bí ọmọ kan bá ń dá gbogbo eré ṣe, ẹ ṣe é ní òfin pé ọwọ́ gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kan bọ́ọ̀lù kí ẹnikẹ́ni tó jù ú sáwọ̀n. Bí agbọ̀n bá ga ju ọmọdé lọ, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ sì fún un ní bọ́ọ̀lù tí ó fúyẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò wa tí ń gbá mọ́ńkí póòsì ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́: ojú ilé tí wọ́n fi òkúta méjì ṣe kéré tó bẹ́ẹ̀ tí agbára kò fi wúlò níbẹ̀, àfi kí bọ́ọ̀lù rọra gba ilẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé ààlà kalẹ̀, ẹ fà sẹ́yìn, ẹ máa wò. Bí ó bá ń kọ́ wọn, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá ń dè wọ́n, ẹ tètè mú un kúrò.